Ọwọ́ Tí Ń Sọ Àbàwọ́n Di Alágídí: Àlàyé lórí Epo Pupa àti Àwọn Àbàwọ́n Mìíràn Nínú Kápẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí àbàwọ́n ṣe ń lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ìdí tí àwọn kan fi ń ṣòro láti mú kúrò, àti ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà mú wọn kúrò láìba kápẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ àti láìfi ara rẹ̀ wéwu. Epo pupa ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, nítorí pé ọkọ̀ tí ó bá ń lọ sí abúlé ní ilẹ̀ wa kì í pẹ́ kí ó tó ru epo bọ̀ wálé. Lẹ́yìn náà ni a ó wá yẹ àwọn àbàwọ́n mìíràn wò ní ṣókí.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Ìdáhùn wa pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti fi hàn pé èdè wa lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ó yẹ kí àwa náà máa fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dán èdè wa wò lórí ohun tí ó wà ní àyíká wa. Èkejì ni pé, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i, àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá ń lò fún ohun tí ń ba aṣọ jẹ́ àti ohun tí ń tún un ṣe ti la ọ̀nà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ronú kí ó tó na ọwọ́.

Èrò tí a gbé kalẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni pé àbàwọ́n alágídí kò pọ̀ tó bí a ti rò. Púpọ̀ nínú àwọn tí a ń pè bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé ọwọ́ wa ni ó sọ wọ́n di alágídí. A da omi gbígbóná sí ohun tí omi tútù tọ́ sí. A gbo ohun tí ó yẹ kí a tẹ̀. A sì da oògùn lé ohun tí a kò tí ì mọ ìran rẹ̀.

1.1 Ohun tí ó ṣokùnfà iṣẹ́ yìí

N kò lè fi ohun tí ó sún mi dé ibi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́. Ní òpin ọdún kan, mo yá ọkọ̀ lọ́wọ́ àna mi àgbà láti fi lọ kí ìyá mi ní abúlé. Nígbà tí mo ń bọ̀, ìyá mi fi kẹ́ẹ̀gì epo kan sí ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀. Ọmọrí rẹ̀ kò wọlé dáadáa, ọ̀nà kò sì dán. Nígbà tí mo dé ilé ní alẹ́, epo ti dà sí kápẹ́ẹ̀tì. Àsìkò ọyẹ́ ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, epo náà ti dì gbagidi sórí kápẹ́ẹ̀tì bí ìpara. Bí ó bá jẹ́ pé mo ní ìmọ̀ ni, ṣíbí kan ni ǹ bá fi kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, omi híhó ni mo dà lé e, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbo ó títí. Ohun tí ó tóbi tó àwo ìjẹun kan wá di ohun tí ó tóbi tó odindi ọpọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń fọ ọkọ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n da epo bẹntiróò sí i. Mo dà á. Nígbà tí àwọ̀ osùn tí ó kù kò lọ, mo da bílíìṣì lé e. Ibẹ̀ sì ṣí lójú kan bí ara adẹ́tẹ̀, òrùka pupa sì yí i ká.

Nígbà tí mo dá ọkọ̀ náà padà, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Àna mi kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n kàn lọ sínú ilé, wọ́n mú ẹní rọ́bà kan wá, wọ́n sì tẹ́ ẹ lé ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè pé kí ni mo ṣe tí ó burú tó bẹ́ẹ̀.

2.0 Ibi tí àbàwọ́n ń gbé

Kí a tó lè sọ bí a ó ṣe lé àlejò jáde, ó yẹ kí a mọ yàrá tí ó wà. Kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kì í ṣe aṣọ kan ṣoṣo. Ìpele mẹ́rin ni ó yẹ kí a fi ọkàn sí.

(1) a. Fọ́nrán tí ojú ń rí, tí ẹsẹ̀ sì ń tẹ̀.
    b. Ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí a ti fi ohun bíi rọ́bà di fọ́nrán náà mú.
    d. Tìmùtìmù tàbí èkísà aṣọ tí a tẹ̀ pọ̀, èyí tí ó ń dín ariwo àti ooru kù.
    e. Irin ilẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Fọ́nrán tí a sábà máa ń lò kì í ṣe òwú tàbí irun àgùntàn, bí kò ṣe ohun tí ènìyàn fi ọgbọ́n ṣe. Ọ̀kan ni nylon, tí Wallace Carothers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935. Òmíràn ni polypropylene, èyí tí Giulio Natta ṣiṣẹ́ lé lórí ní Ítálì ní ọdún 1954. Ìwà àwọn méjèèjì yàtọ̀. Nylon ń gba omi díẹ̀ sára, ó sì ń gba àwọ̀. Nítorí náà ni àwọ̀ tíì tàbí obì ṣe ń wọ̀ ọ́ lára, tí bílíìṣì sì ń bà á jẹ́. Polypropylene kò fẹ́ omi sára rárá, nítorí náà àwọ̀ olómi kì í wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀rá, epo a sì máa rọ̀ mọ́ ọn. Èyí nìkan ti tó láti fi hàn pé oògùn kan kò lè wo gbogbo kápẹ́ẹ̀tì.

Ìpele kẹta, èyí tí a kì í rí, ni ó ṣe pàtàkì jù. Omi tí a bá dà sórí fọ́nrán kò dúró níbẹ̀. Ó ń rin wọ inú tìmùtìmù, irin ìsàlẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó jáde. Bí aṣọ bá tutù, okùn ni a ń sá a sí, atẹ́gùn yóò sì fẹ́ sí i tọ̀tún tòsì. Kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kò ní irú àǹfààní yìí. Bí tìmùtìmù bá wà ní tútù fún bí ọjọ́ kan sí méjì, ohun wẹ́wẹ́ tí ń hù lára oúnjẹ tí ó bá bu yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú rẹ̀, òórùn burúkú yóò sì tẹ̀ lé e. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, irin lè dípẹtà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí pẹ̀lú, wáyà iná ń gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá. Òfin àkọ́kọ́ nìyí: a kì í da omi sí kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, àkísà ni a ń fún omi mu.

3.0 Ìran àbàwọ́n àti ọ̀rọ̀ tí a ń pè é

Bí àbàwọ́n bá dé, ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá fi ń ròyìn bí ó ṣe dé ti sọ nǹkan nípa ibi tí a ó bá a.

(2) a. Ó kán sí i: ojú kan ni ó wà, ó sì lè má tí ì jìnnà.
    b. Ó ta sí i: ó fọ́n káàkiri, ṣùgbọ́n òkè ni ó wà.
    d. Ó dà sí i: ó pọ̀, ó sì ń wá ìsàlẹ̀ lọ.
    e. Ó rin ín: ó ti kọjá fọ́nrán, ó ti dé tìmùtìmù.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ síra. A ń họ ohun tí ó gan mọ́ nǹkan. A ń tẹ àkísà lé ohun olómi kí ó lè fà á mu. A ń nu ohun tí ó wà lórí ohun tí ó dán. A ń gbo aṣọ nínú ọṣẹ. A ń ṣan ọṣẹ kúrò. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni láti gbo ohun tí ó yẹ kí a tẹ̀. Bí a bá gbo kápẹ́ẹ̀tì, a ń ti àbàwọ́n sí ìsàlẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́, a sì ń tú fọ́nrán rẹ̀, tí ibẹ̀ yóò fi máa rí ṣákaṣàka títí láé, àní bí àwọ̀ náà bá tilẹ̀ lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìran tí àbàwọ́n ti wá ni ohun kejì. A lè pín wọn báyìí:

(3) a. Ìran ọ̀rá: epo pupa, òróró, gírísì, ọ̀dà.
    b. Ìran ara ẹ̀dá: ẹ̀jẹ̀, ẹyin, wàrà, èébì.
    d. Ìran ewé àti èso: obì, tíì, kọfí.
    e. Ìran ilẹ̀: eruku, ẹrẹ̀, amọ̀ pupa.
    ẹ. Ìran ohun tí ń gan: àbẹ́là, ṣingọ́ọ̀mù.

Àlàyé tí ó tẹ̀ lé èyí yóò fi hàn pé ohun tí ń wo ìran kan sàn lè jẹ́ ohun tí yóò so òmíràn mọ́ kápẹ́ẹ̀tì pinpin.

4.0 Epo pupa

4.1 Ohun tí ó mú kí ó le

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rá inú epo pupa, ọ̀tọ̀ sì ni àwọ̀ rẹ̀. Bí a kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, a kò ní lè ṣàlàyé ìdí tí kápẹ́ẹ̀tì tí a ti fọ̀ tí kò yọ̀ lọ́wọ́ mọ́ fi tún ń pọ́n.

Ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ àdàlù. Bí ìdajì rẹ̀ ni ó jẹ́ irú èyí tí ó máa ń dì, ìyókù sì jẹ́ irú èyí tí ó máa ń ṣàn. Nítorí náà ni epo fi ń dì ní àsìkò ọyẹ́, tí ó sì ń ṣàn ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn. Ó máa ń yọ́ tán pátápátá bí ooru bá ti dé ìwọ̀n bí 35°C tàbí kí ó lé díẹ̀. Inú ọkọ̀ tí a tì sínú oòrùn ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tí ó bá fi epo dídì sílẹ̀ nínú ọkọ̀ di ọ̀sán ti fún un ní àǹfààní láti yọ́ kí ó sì rin tìmùtìmù. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ohun tí ó fún epo ní àwọ̀ ni carotene, èyí tí Heinrich Wackenroder, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kọ́kọ́ yọ jáde láti ara kárọ́ọ̀tì ní ọdún 1831. Ìwọ̀n rẹ̀ nínú epo kò pọ̀: nínú kílógíráàmù epo kan, kì í sábà ju nǹkan bíi 500 sí 700 mílígíráàmù lọ. Síbẹ̀, kékeré rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé. Kò ń yọ́ nínú omi. Inú ọ̀rá ni ó ń yọ́ sí. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rá díẹ̀ bá ṣì wà lára fọ́nrán, carotene yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀tá kan tí a kò ní rà lọ́jà: ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń tú u ká, àwọ̀ rẹ̀ a sì ṣí.

4.2 Ọṣẹ gẹ́gẹ́ bí alárinà

Omi àti epo kì í rẹ́. Bí a bá da omi lé epo, ńṣe ni omi yóò kàn máa tì í kiri. Ohun tí ọṣẹ ń ṣe ni iṣẹ́ alárinà tí ó mọ ilé ìyàwó tí ó sì mọ ilé ọkọ. Ẹyọ ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ní orí tí ó fẹ́ omi àti ìrù gígùn tí ó fẹ́ ọ̀rá. Bí a bá pò ó mọ́ omi tí a fi kan epo, àwọn ìrù yóò wọ inú epo, àwọn orí yóò sì dojú kọ omi. Epo yóò wá fọ́ sí wẹ́wẹ́, ọṣẹ yóò yí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ká, omi yóò sì lè gbé e lọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ nítorí pé ó ń mú epo rọ̀. Ṣùgbọ́n omi híhó ń mú un sáré wọlẹ̀ kí ọṣẹ tó bá a.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Ọ̀rá ni a fi ń ṣe ọṣẹ. Onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé nì, Michel Chevreul, ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1823 ohun tí ó parapọ̀ di ọ̀rá àti ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bá di ọṣẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa tí ń sẹ omi eérú, tí wọ́n ń sè é pọ̀ mọ́ epo tàbí àdín títí tí yóò fi di ọṣẹ dúdú, kò dúró de ìwé náà. Láti ìgbà tí kókó sì ti dé ilẹ̀ wa ni eérú èèpo rẹ̀ ti dara pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń lò. Epo tí ó ń ba aṣọ jẹ́ ni a fi ń ṣe ohun tí ń fọ epo kúrò lára aṣọ.

Èyí kò wí pé kí a máa fi ọṣẹ dúdú fọ kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Agbára eérú tí ó wà nínú rẹ̀ lè ba fọ́nrán bí irun àgùntàn jẹ́, àwọ̀ rẹ̀ lè mọ́ kápẹ́ẹ̀tì tí kò dúdú, kò sì rọrùn láti ṣàn kúrò nínú ohun tí a kò lè ki bọ omi. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí, díẹ̀ ni a ó sì lò.

4.3 Bí a ó ti ṣe é

Ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ni ó tọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ara wọn.

(4) a. Kíkó. Bí epo bá dì, kí a fi ṣíbí tàbí ohun tí kò mú kó o, láti etí wá sí àárín. Bí ó bá ń ṣàn, kí a tẹ àkísà funfun gbígbẹ lé e, kí a gbé e, kí a sì tún fi ibi tí ó mọ́ lára àkísà náà tẹ̀ ẹ́. Funfun ni ó yẹ kí àkísà náà jẹ́, kí àwọ̀ tirẹ̀ má baà di àbàwọ́n mìíràn, kí a sì lè rí ohun tí ń jáde.

b. Fífà mu. Kí a bu páúdà ọmọ ọwọ́, ìyẹ̀fun àgbàdo tàbí láfún gbígbẹ lé e dáadáa, kí a sì fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, tàbí di ọjọ́ kejì. Ìyẹ̀fun náà yóò fa epo mu. Kí a wá gbọ̀n ọ́n kúrò pátá, tàbí kí a fi ẹ̀rọ fà á. Bí ó bá pọn, kí a tún ṣe é. Kí omi tó kan ibẹ̀, ìyẹ̀fun gbọ́dọ̀ ti tán, nítorí pé láfún tí ó bá rin nínú kápẹ́ẹ̀tì yóò kan, yóò sì rùn.

d. Dídán wò. Kí a fi omi ọṣẹ díẹ̀ kan ibi tí ó fara sin, bí abẹ́ ìjókòó, kí a sì fi àkísà funfun tẹ̀ ẹ́. Bí àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì bá bá àkísà wá, kí a dáwọ́ dúró.

e. Fífọ̀. Kí a po ṣíbí ìmutíì kan ọṣẹ olómi mọ́ bí ife méjì omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Kí a rẹ àkísà sínú rẹ̀, kí a fún un, kí a sì máa tẹ̀ ẹ́ láti etí àbàwọ́n wá sí àárín. Kí a máa fi àkísà gbígbẹ tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ó lè tó ìgbà mẹ́fà.

ẹ. Ṣíṣàn. Kí a fi àkísà tí a fi omi lásán rin, tí a sì fún dáadáa, tẹ ibẹ̀ títí tí kò fi ní hó mọ́.

f. Gbígbẹ. Kí a ká àkísà gbígbẹ sí ọ̀nà púpọ̀, kí a tẹ́ ẹ lé ibẹ̀, kí a gbé ohun tí ó wúwo lé e títí di ọjọ́ kejì, kí a sì wá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn.

g. Oòrùn. Bí ó bá ku àwọ̀ osùn díẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rá ti lọ, kí a gbé ọkọ̀ sí ibi tí oòrùn yóò ti máa ràn sí ibẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ èyí tí a lè yọ, kí a sá a. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n kò gba owó.

5.0 Àwọn ìran yòókù

Ìran ara ẹ̀dá. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹyin nínú omi híhó ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀: ooru ń mú un dì, kò sì ní yọ́ mọ́. Nítorí náà, omi tútù ni fún ẹ̀jẹ̀, ẹyin, wàrà àti èébì, kí a sì tètè ṣe é. Lẹ́yìn tí omi tútù bá ti kó èyí tí ó pọ̀ jù ni omi ọṣẹ tútù yóò tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá da omi gbígbóná sí ẹ̀jẹ̀ ti sè é mọ́ fọ́nrán.

Ìran ewé àti èso. Nínú obì, tíì àti kọfí ni ohun kan wà tí ń mú ẹnu gan, tí ó sì ń di pupa rúsúrúsú bí atẹ́gùn bá kàn án. Ẹni tí ó bá ti gé obì sílẹ̀ ti rí i. Lẹ́yìn omi ọṣẹ díẹ̀, fínígà funfun tí a fi omi là ni ó máa ń ṣiṣẹ́ fún irú rẹ̀. Ọṣẹ tí ó bá ní agbára eérú púpọ̀ lè mú kí ó túbọ̀ dúdú.

Ìran ilẹ̀. Ìkánjú ni ọ̀tá ẹni tí ó ní ẹrẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Kí ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó gbọ̀n ọ́n, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a, kí ó tó fi ọṣẹ kàn án. Ohun tí ó mú ilẹ̀ wa pọ́n jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú ohun tí ń mú irin dípẹtà, bílíìṣì kò sì lè rí i ṣe. Ẹni tí ó bá da bílíìṣì sí amọ̀ pupa yóò ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́, yóò sì fi amọ̀ sílẹ̀.

Ìran ohun tí ń gan. Kí a fi yìnyín sínú ọ̀rá, kí a gbé e lé ṣingọ́ọ̀mù tàbí àbẹ́là títí tí yóò fi le bí òkúta. Yóò ṣe é fọ́, yóò sì ṣe é họ. Ọ̀dà ní tirẹ̀ kò gbọ́ ti omi. Òróró díẹ̀ lára àkísà ni yóò mú un rọ̀, nítorí pé ìran kan náà ni wọ́n. A ó sì wá fọ òróró náà gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ní 4.3.

6.0 Ohun tí ó lè gba ẹ̀mí

A ti sọ ọ̀rọ̀ nípa kápẹ́ẹ̀tì tí ó bàjẹ́, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù nínú ọkọ̀.

Òótọ́ ni pé epo bẹntiróò ń tú ọ̀rá. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń fọ ọkọ̀ fi ń lò ó. Ṣùgbọ́n oruku rẹ̀ ni ó ń jó, kì í ṣe omi rẹ̀ lásán, oruku yìí sì ń jáde àní nínú òtútù tí ó ju ti yìnyín lọ. Ó wúwo ju atẹ́gùn lọ. Nítorí náà kì í fò lọ, ńṣe ni ó ń jókòó sí ilẹ̀ ọkọ̀, níbi tí ẹni tí ń fọ̀ ọ́ kúnlẹ̀ sí. Iná kékeré láti ara ṣíṣí tàbí pípa iná inú ọkọ̀, tàbí sìgá ẹni tí ń kọjá, ti tó. Yàtọ̀ sí èyí, ó ń tú rọ́bà tí ó di fọ́nrán mú. Epo òyìnbó kò yára gbiná tó o, ṣùgbọ́n òun náà ń jó, ọ̀rá ni òun fúnra rẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè lọ.

Ti bílíìṣì tún burú ní ọ̀nà mìíràn. Bí a bá dà á pọ̀ mọ́ fínígà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ásíìdì, èéfín chlorine ni yóò jáde. Bí a bá dà á pọ̀ mọ́ ohun tí ó ní ammonia nínú, èéfín olóró mìíràn ni yóò jáde. Ìtọ̀ ọmọ tí ó ti pẹ́ lára kápẹ́ẹ̀tì ní irú èyí nínú. Ìyá tí ó bá sì da bílíìṣì sí i nínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì ń pe ewu sí ẹ̀dọ̀fóró ara rẹ̀. Kí a má ṣe da oògùn méjì pọ̀. Kí a má ṣe da èkejì lé èkíní tí a kò tí ì ṣàn kúrò. Ohun tí mo ṣe sí ọkọ̀ àna mi, bẹntiróò lónìí, bílíìṣì lọ́la, àánú Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí ó ju àbùkù lọ.

7.0 Àbàwọ́n tí ń padà wá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń ròyìn pé àwọn ti fọ àbàwọ́n kan tán, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta ó tún yọjú. Ohun méjì ni ó ń fà á.

Èkíní ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àtùpà elépo. Epo wà ní ìsàlẹ̀, iná wà ní òkè, òwú sì ń fa epo gòkè. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá ń gbẹ, òkè ni ó ti ń gbẹ, omi tí ó wà nínú tìmùtìmù yóò sì máa gba ara fọ́nrán gòkè bí epo ti ń gba ara òwú. Àbàwọ́n tí ó ti rin dé ìsàlẹ̀ yóò bá omi náà wá. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a tẹ́ àkísà gbígbẹ lé ibẹ̀ títí di ọjọ́ kejì: àkísà náà ni yóò di òkè òwú, òun ni àbàwọ́n yóò sì gbé jókòó.

Èkejì ni ọṣẹ tí a kò ṣàn. Ìrù rẹ̀ tí ó fẹ́ ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń dúró de ọ̀rá mìíràn. Eruku àti ìdọ̀tí bàtà yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ yóò sì dúdú ju ibi yòókù lọ. Kì í ṣe àbàwọ́n àtijọ́ ni ó padà wá. Èyí tí a fi ọṣẹ pè ni. Nítorí náà, ọṣẹ púpọ̀ kì í ṣe ìmọ́tótó púpọ̀.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yàtọ̀ sí aṣọ lásán nítorí ìpele tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Pé ìran àbàwọ́n ni ó yẹ kí ó sọ irú omi àti irú oògùn tí a ó lò. Pé ọ̀rá epo pupa ń fẹ́ ọṣẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì ń fẹ́ oòrùn. Àti pé bẹntiróò àti bílíìṣì kì í ṣe ohun tí a ń sáré mú. A kò rí ibi kan tí èdè Yorùbá ti kùnà láti gbé àlàyé yìí. Orúkọ díẹ̀ ni a yá. Ṣùgbọ́n kán, ta, dà àti rin, tẹ̀, nù, gbo àti ṣàn, ti wà nílé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé.

Ohun tí a fẹ́ kí olùkà mú lọ ni pé kí ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó na ọwọ́: kí ni ó dà síbẹ̀? Níbo ni ó dé? Kí ni a fi ṣe ohun tí ó dà sí? Ìṣẹ́jú kan kò pọ̀ jù fún wọn. Ní tèmi, ṣíbí kan, àkísà funfun mẹ́rin àti ike páúdà kan wà nínú búùtù ọkọ̀ mi báyìí, ìyá mi sì ṣì ń fún mi ní epo.